Nígbà Tí Ìlú Ló Ni Ilé-Ìwé

Ìlú ló kọ́ ilé-ìwé wa. Ìjọba fún wa ní ìwé àṣẹ, ó sì kó tíṣà wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀, búlọ́ọ̀kù, pákó, páànù títí dé ìṣó, ọwọ́ ará ìlú ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Àwọn ọkùnrin dáwó lórí-ò-jorí. Àwọn obìnrin pọn omi odò tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì, ẹgbẹ́ kan láàárọ̀, ẹgbẹ́ kejì nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, ní Kàdúná àti ní Jọ́ọ̀sì ń ṣèpàdé lóṣooṣù, ẹni tí kò bá sì dáwó níbẹ̀, a ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé nígbà ọdún Kérésì.

Ẹni tó bá mọ ìhà Òkè-Ako yóò mọ irú ìlú tí mò ń sọ. Téèyàn bá kúrò ní Ìkọ̀lé, tó forí lé ọ̀nà Ìpaò àti Ìrèlé, ibi tí ilẹ̀ Èkìtì ń parí sí ló ń lọ yẹn, torí Yàgbà ti Kogí ló kàn. Ìlú àgbẹ̀ ni gbogbo wọn: iṣu, àgbàdo, kòkó, igi gẹdú. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà níhìn-ín, torí díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ lè bí ẹnìkan nínú, onítọ̀hún sì lè jẹ́ ẹbí mi.

Kó tó di pé a ní ilé-ìwé girama nítòsí, ọmọ tó bá ka ìwé mẹ́fà tán lọ́dọ̀ wa, yálà kó lọ sóko, kó kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tàbí kó lọ máa sin ẹbí nílùú òkèèrè ni. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí náà ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà pọ̀ rẹpẹtẹ. Ibi tí wọn yóò gbà kọjá ibẹ̀ ló há. Christ's School ní Adó-Èkìtì, èyí tí Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní 1933, wà lẹ́nu gbogbo òbí, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló lè wọ ibẹ̀? Jacob Adé Àjàyí tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé gan-an ní 1929, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó ní 1972, Igbobi College l'Ékòó ló ti lọ ka ìwé girama. Ẹni tí orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀, kékeré ni yóò ti fi ìlú sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó pé ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ kò rí já jẹ, ó di ọmọ oko. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú wọn. Ó ṣe ipò kejì ní ìwé mẹ́fà, wọ́n sì fi í kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Títí dòní, òun ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ wọn, orí ló fi ń ṣírò owó, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìṣirò ló sì ń ṣe àṣìṣe.

Ọdún 1979 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba alágbádá dé, ẹgbẹ́ òṣèlú UPN wọlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, abẹ́ rẹ̀ sì ni Èkìtì wà nígbà náà. Gómìnà tó wọlé, Michael Adékúnlé Ajásin, tíṣà ni. Ó ti ṣe ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dá Owo High School tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1963. Ọkùnrin náà mọ ohun tí owó ilé-ìwé ń fojú òbí rí, ó sì fagi lé e. Bí wọ́n ṣe kéde pé ẹ̀kọ́ girama ti di ọ̀fẹ́ báyìí, kò sí ìlú tí kò fẹ́ ní ilé-ìwé tirẹ̀ mọ́. Ìlú tó bá ti lè fi ilẹ̀ àti kíláàsì sílẹ̀ á kó àwọn àgbà jọ, wọn á forí lé Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀, pẹ̀lú iṣu àti àgbò.

Kí n sọ òótọ́: ìlara wà níbẹ̀. Bí ìlú kejì bá ní ilé-ìwé tí tiwa kò ní, kí la fẹ́ sọ fún àwọn àna wa tó wà lọ́hùn-ún? Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń fi ìfẹ́ ọmọ nìkan ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe. Ìfẹ́ ọmọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlara ló ń jí wọn láàárọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ìlara tó kọ́ ilé-ìwé sàn ju ìfẹ́ tí kò kọ́ nǹkan kan lọ.

Oṣù kẹsàn-án 1980 ni mo wọ Fọ́ọ̀mù Wáànù. Wọn kò tíì kan páànù tán. Yàrá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a fi ṣe táàmù àkọ́kọ́, níbi tí àga ti kéré débi pé orúnkún wa ń kan àgbọ̀n. Nígbà tí a wá kó lọ sí ilé tuntun, oníkálukú ló gbé àga àti tábìlì tirẹ̀ lọ láti ilé. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣoṣo tó wà nílùú ta àwìn fún gbogbo òbí, ó ní kí wọ́n san án tí wọ́n bá wu iṣu tuntun. Mo rò pé àwọn kan kò san án títí ọkùnrin náà fi kú.

Àwọn tíṣà kò mọ ohun tó ń jẹ́ owó ilé. Ẹni tó bá ní yàrá tó ṣófo a fi tíṣà sínú rẹ̀, á sì máa fi í yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá mi kì í ta iṣu láìkọ́kọ́ yọ ti tíṣà sọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá pe èyí ní rìbá lónìí, a jẹ́ pé onítọ̀hún kò rí bí wọ́n ṣe ń na àwa tí ìyá wa gbé iṣu lọ. Ẹgba wa kò dín.

Ọmọ ilẹ̀ Ghana ni tíṣà tó kọ́ wa ní ìṣirò. Irú wọn pọ̀ ní àwọn ilé-ìwé Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, torí nǹkan ti le ní Ghana, náírà kan sì ju dọ́là kan lọ. Ilé àbúrò bàbá mi ló ń gbé. Kò gbọ́ Yorùbá nígbà tó dé, nígbà tó sì máa gbọ́, Èkìtì ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ló gbọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n bi í léèrè pé ṣé ará Ìrèlé ni. Kò gbà láé pé iyán ju fùfú ìlú wọn lọ. Àwọn ìyá ilé a máa pè é kó wá fi ẹnu rẹ̀ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò nu ọwọ́, yóò sì tún sọ pé fùfú ló dùn jù. Bí ọ̀rọ̀ ìṣirò bá dé, kò ní ṣeré. Ó ní kí a má ṣe há ohunkóhun sórí, kí a máa bi í pé kí ló dé. Òun nìkan ni tíṣà tí a lè bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láì jẹ ìgbátí.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shàgàrí pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fi Nàìjíríà sílẹ̀. Rédíò ń sọ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọlọ́pàá lójú títì? Kábíyèsí rán ìlàrí káàkiri pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan tíṣà, ààfin ló fọwọ́ kàn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò bàbá mi kò jẹ́ kí ọkùnrin náà dá jáde. Ọdẹ méjì ló ń sìn ín lọ sí kíláàsì, wọn á jókòó sábẹ́ igi ọdán títí yóò fi kọ́ wa tán, wọn á sì sìn ín padà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ní ojú ń ti òun. Ohun tó lé e lọ nígbẹ̀yìn kì í ṣe ọlọ́pàá. Náírà ló já wálẹ̀ lẹ́yìn tí a ti jáde, owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan tó lè fi ránṣẹ́ sílé mọ́, ó sì di ẹrù rẹ̀.

Kò sí ọgbà tó yí ilé-ìwé náà ká, kò sì sí ìdí fún un. Ẹni tó bá rí ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ì báà jẹ́ awakọ̀, ì báà jẹ́ ẹlẹ́mu, yóò bi í pé níbo ló ń lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì sá lọ já àgbálùmọ̀ ní ọjọ́ kan, wọ́n sì ṣe kòńgẹ́ bàbá àgbẹ̀ kan tí kò ní ọmọ kankan nílé-ìwé, torí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà. Bàbá náà kò pariwo. Ó gbé iṣu rù wọ́n, ó ní kí wọ́n bá òun rù ú dé ọjà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ tán, ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá àgbà. Àwa tí a wà nítòsí ọ́fíìsì ló gbọ́ ohun tó wí: "Ọ̀gá, búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ni mo fi sí ilé yìí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn wọ̀nyí ni mo fi í fún, àbí ewúrẹ́."

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Wọ́n nà wá jù. Àwọn tíṣà kan sọ wá di lébà nínú oko ara wọn lọ́jọ́ tó yẹ kí a wà ní kíláàsì, kò sì sí òbí tó bá wọn wí, torí ojú ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn fi wò ó. Ọmọbìnrin tó bá lóyún, ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún á jókòó sí ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á sì máa kọ nóòtù. Mo mọ̀ tó mẹ́ta nínú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n mọ̀wé jù mí lọ. Ìlú tó lè fi ọdẹ méjì sin tíṣà kan kò rí ẹnìkan fi sin àwọn yẹn padà sí kíláàsì. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan èyí níbi ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti eré ìdárayá íńtà-háòsì, torí kò sí ọdún tó tó o, Kérésì pàápàá kò tó o. Oṣù kejì ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àdá ni a fi ń tún pápá ṣe, eérú ni a fi ń fa ìlà. Ilé mẹ́rin ni wọ́n pín wa sí, Pupa, Búlúù, Gríìnì àti Yẹ́lò, gbogbo ìdílé ló sì mọ ilé tí wọ́n wà, tó fi jẹ́ pé ìyàwó ilé kan kò kí ìyàálé rẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta nítorí Yẹ́lò fa okùn borí Pupa. Àwọn ẹgbẹ́ onílù láti ìjọ Àpọ́sítélì ló ń lù fún wa tí a bá ń yan. Kábíyèsí jókòó sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ pẹ̀lú àwọn ìjòyè, àwọn ọba ìlú tó wà nítòsí sì jókòó tì í. Alága ọjọ́ a ti Èkó wá, agbádá rẹ̀ a máa wọ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń fi gbohùngbohùn kéde bá pe iye tó fi sílẹ̀, ìlù á dún, alága á tún fi díẹ̀ kún un. Mo gbà pé òwò ni ọjọ́ náà fún ọ̀gá àgbà: owó ilẹ̀kùn àti fèrèsé kíláàsì mẹ́rin ló ti ibẹ̀ jáde.

Eré tí gbogbo ènìyàn ń retí ni ti ojú títì, láti pápá lọ dé ìlú kejì kí a sì padà. Ní ọdún tí mo wà ní Fọ́ọ̀mù Tíríì, ọmọ Ẹ̀bìrà kan ló wọlé síwájú. Àwọn Ẹ̀bìrà pọ̀ ní oko wa, àwọn ni wọ́n ń kọ ebè iṣu tó pọ̀ jù lọ, àbà ni wọ́n sì ń gbé. Wọ́n máa ń wá sí ọjà wa, ṣùgbọ́n wọn kì í wá sí ìpàdé wa. Ọmọ náà yọ ní kọ́nà láìwọ bàtà, òun nìkan, ẹni tó tẹ̀ lé e kò tíì hàn. Pápá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ojú ara wọn, torí ọmọ ìlú ni wọ́n ti ń múra àti yìn. Ìyá àgbà kan tó ń ta àkàrà ló bẹ̀rẹ̀ ìyìn náà: ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ní kó gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Bàbá ọmọ náà ti oko dé nígbà tí wọ́n ń fún un ní ẹ̀bùn, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀, Kábíyèsí sì ní kí wọ́n wá àga fún un. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àbà ti ń rán aṣojú wá sí ìpàdé òbí àti tíṣà, wọ́n sì dá owó láàbù, yàrá sáyẹ́ǹsì tí ìlú fẹ́ kọ́, bíi ti gbogbo ènìyàn.

Owó láàbù yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa akápò wa. Ìdìbò oṣù kẹjọ ọdún 1983 ti da Ìpínlẹ̀ Oǹdó rú: wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló wọlé gómìnà, iná ràn, ènìyàn kú, ilé ẹjọ́ sì dá Ajásin padà sípò. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, àwọn ológun gbàjọba. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun ní òun ń pààrọ̀ náírà, pé bébà àtijọ́ kò ní níye lórí mọ́ láìpẹ́ ọjọ́. Inú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn akápò ni gbogbo owó láàbù wà. Oníkòkó ni bàbá náà, kò gbẹ́kẹ̀ lé báǹkì. Ó gbé àpótí lọ sí Ìkọ̀lé, ó sùn síwájú báǹkì pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, òjò pa á. Nígbà tó padà dé, ó ka owó náà lójú gbogbo ìlú, kò dín kọ́bọ̀. Ikọ́ tó kó níbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Láàbù náà parí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú wa. Ìlú Ìkọ̀lé ni a ti ṣe ìdánwò WAEC ní 1985, torí wọn kò tíì gba ilé-ìwé wa láyè láti ṣe é nílé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú rí ìgò burette, lọ́jọ́ ìdánwò gan-an. Èsì wa kò dára tó bí ìlú ti retí. Ohun tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa ní àkókò yẹn yàtọ̀ sí ohun tí a nílò. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n sì kó àwọn ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n rà láti òkè òkun wá fún àwọn ọmọ girama kékeré (JSS), nínú àpótí pákó ńláńlá. A kò níná. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àpótí náà wà níbẹ̀ títí adìyẹ fi ń yé sí i lẹ́yìn, wọ́n sì fa pákó ara ọ̀kan yọ ṣe òpó bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Nàìjíríà ló ní irú ìtàn yìí láti sọ.

Lẹ́yìn 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) dé, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí mo lè tọ́ka sí. Àwọn tíṣà ń kó lọ sí ìlú ńlá. Àwọn ọmọ tó jáde kò padà wá. Ní 1996, Èkìtì di ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì sún mọ́ wa ju ti ìgbà Àkúrẹ́ lọ, inú wa sì dùn. Ìjọba kọ́ ilé tuntun, ó kun òmíràn ní ọ̀dà. Wọ́n dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé láti san, wọ́n tún fagi lé e ní 2018. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí atẹ́gùn ká páànù kíláàsì méjì lọ, mo béèrè nílé pé kí ni ìlú ń ṣe sí i. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ìjòyè dá mi lóhùn pé, "Ṣebí ìjọba ló ni ín?" Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé pákó àkọ́kọ́ wá. N kò bá a jà. Àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gun òrùlé dà? Wọ́n wà l'Ékòó, wọ́n wà ní Adó, wọ́n wà ní Kánádà.

Ohun tó burú jù báyìí ni pé tíṣà kì í sùn nílùú mọ́. Ìkọ̀lé tàbí Adó ni wọ́n ti ń wá, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, kí oòrùn tó yí wọ́n ti lọ. N kò lè bínú sí wọn. Ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 2024, ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Èsùn, ni àwọn agbébọn pa ní Òkè-Ako. Bí ọba kò bá lè gba ọ̀nà yẹn kọjá láyọ̀, ta ló fẹ́ rán ọmọbìnrin tó ń sìnrú ìlú lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ni ní Físíìsì? Àwọn àgbẹ̀ ti fi oko tó jìnnà sílẹ̀. Ọmọ tí ìbá rìn láti ìlú kejì wá kàwé kò rìn mọ́, ìyá rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó rìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba Èkìtì, kọ̀ǹpútà dára, ọ̀dà dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà Òkè-Ako ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́, kí ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ tó mọ igbó náà wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà lórí WhatsApp, ìkànnì wa kún fún ọ̀rọ̀ ayẹyẹ àti àwọ̀ aṣọ. Mo bẹ̀ yín, kí a tó ra aṣọ ẹgbẹ́ tọdún yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ilé tí tíṣà mẹ́rin lè máa gbé, kí a sì máa san owó ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ wọn. Ilẹ̀ wà. Mo ti bi Kábíyèsí.